Àbùùbùtán Inú Gíábọ́ọ̀sì

Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ kan tó jẹ́ ọ́tò, ìyẹn ọkọ̀ tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì lẹ́sẹ̀, tí ẹ sì rí ohun pupa kan tó ń kán tó, tó, tó sílẹ̀, ẹ má wulẹ̀ fura sí kẹ́ẹ̀gì epo pupa tó wà ní bùútù. Ọ́ìlì gíà ni. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa á láró pupa ni, kí ẹni tó bá rí i nílẹ̀ lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé gíábọ́ọ̀sì ló ń jò, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì, tí ọ́ìlì tirẹ̀ máa ń dúdú.

Àwa tí a fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Mẹkáníìkì á ní síìlì ló gbó. Wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó tún ti ń kán. Wọ́n á ní síìlì tí ẹ rà kì í ṣe ojúlówó. Ẹ ó ra òmíràn, ó tún jò. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ á yí padà: ẹ jẹ́ ká kúkú lọ Ládípọ̀, ká lọ ra odindi gíábọ́ọ̀sì mìíràn. Báyìí ni gíábọ́ọ̀sì tí kò ní àrùn kankan nínú ṣe ń di ẹrù àwọn tó ń ra irin àlòkù, tí owó gọbọi sì ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ èyí tí wọ́n rà bọ̀ náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í jò kí oṣù tó parí.

Ohun tí a rí sí ọ̀rọ̀ yìí ni pé jíjò tó bá ti ya aláìgbọràn nínú ọkọ̀ àtijọ́, ìtàn ló ń sọ. Ọ́ìlì ní ọdún ìbí tirẹ̀. Rọ́bà tó ń dì í mú ní tirẹ̀. Irin tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé inú rẹ̀ náà ní tirẹ̀. Tí ẹ kò bá mọ bí àwọn mẹ́ta yìí ṣe pàdé, pípààrọ̀ nǹkan lẹ ó kàn máa ṣe kiri.

Ẹ jẹ́ ká ti orí òkun bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ẹnjiníà ará Jámánì kan wà tó ń jẹ́ Hermann Föttinger, tó ń bá iléeṣẹ́ Vulcan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Stettin ṣiṣẹ́. Wàhálà tó bá níbẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì tuntun ìgbà náà máa ń yí kíákíá ju bí abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ nínú omi ṣe yẹ kó yí lọ. Tí wọ́n bá fi irin so méjèèjì pọ̀ tààrà, agbára á ṣòfò. Ní 1905, ó gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n kan: má fi irin so wọ́n, omi ni kó o fi sáàárín wọn. Tí ẹ bá fẹ́ rí i lójú, ẹ gbé fáànù méjì kọjú síra, kí ẹ tan ọ̀kan. Atẹ́gùn èyí tí ẹ tàn á yí èyí tí ẹ kò tàn. Ẹ fi omi tàbí ọ́ìlì rọ́pò atẹ́gùn, kí ẹ wá ti fáànù méjèèjì mọ́ inú ìkòkò irin kan ṣoṣo. Ohun tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà nínú ọkọ̀ ọ́tò nìyẹn. Torque converter ni wọ́n ń pe ẹ̀yà rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù lónìí.

Ó tó ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kí ọgbọ́n náà tó wọ ọkọ̀ ọ́tò tí ará ìlú lè lọ rà ní ṣọ́ọ̀bù. Ní 1939, General Motors kéde Hydra-Matic fún àwọn ọkọ̀ Oldsmobile ti 1940. Ẹni tó ṣáájú àwọn tó ṣe é ni Earl Thompson, ọkùnrin tó ti kọ́kọ́ wá ojútùú sí gíà ọlọ́wọ́ tó máa ń ké gbaragbara tí èèyàn bá fẹ́ yí i. Kò sí kílọ́ọ̀ṣì lẹ́sẹ̀ mọ́. Gíà mẹ́rin ló ní, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló sì ń yí wọn. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, wọ́n gbé Hydra-Matic sínú ọkọ̀ ogun, irú bíi M5 Stuart. Ẹ ò rí i pé ogun ló tún bá wọn dán an wò dáadáa. Ní 1948 Buick mú Dynaflow jáde pẹ̀lú torque converter, ìgbà tó sì máa fi di 1961, Mercedes-Benz ti ń ṣe ọ́tò tirẹ̀ ní Jámánì.

Kí wá ni iṣẹ́ ọ́ìlì nínú gbogbo eléyìí? Òun ló ń gbé agbára láti ọ̀dọ̀ fáànù kan sí èkejì. Òun náà ni ọwọ́ tó ń ti àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké inú gíábọ́ọ̀sì láti yí gíà. Òun ló ń gbé ooru jáde lọ sí kúlà. Àmọ́ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti le jù ni ti àwọn àwo pẹlẹbẹ tó máa ń dì mọ́ra wọn nígbàkigbà tí gíà bá fẹ́ yí. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí irin máa yọ̀ lára irin kó má bàa jẹ, ó sì tún gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwo dì mọ́ àwo láì yọ̀ jù, láì sì já bíi pé ẹnì kan gba ọkọ̀ náà létí. Ohun kan náà, kó yọ̀, kó tún dì mú! Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lásán kò lè ṣe é. Ohun tó bá wọn yanjú rẹ̀, orí ẹja ni wọ́n ti bù ú. Ẹja la pè é, àmọ́ ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú ni.

Àbùùbùtán ni Yorùbá ń pè é. A bù ú, bù ú, kò tán. Ẹ̀yà rẹ̀ tí a ń wí ni èyí tí orí rẹ̀ rí bí àpótí, tó máa ń lọ wá oúnjẹ nísàlẹ̀ òkun níbi tí oòrùn kì í dé. Ọ̀rá ṣíṣàn kan ló kún orí rẹ̀. Ọ̀rá yẹn kò jọ epo pupa, kò jọ àdí, kò jọ òrí. Ìda ni, àmọ́ ìda tó ń ṣàn ni, ooru kì í sì í tètè bà á jẹ́. Láti ọ̀rúndún kejìdínlógún ni àwọn ọkọ̀ ojú omi ti ń jáde láti Nantucket, nígbà tó yá láti New Bedford ní Amẹ́ríkà, láti lọ fi ọ̀kọ̀ pa á nítorí àtùpà àti àbẹ́là. Nígbà tí Edwin Drake gbẹ́ kànga epo rọ̀bì rẹ̀ ní Titusville, Pennsylvania, ní 1859, kẹrosíìnì gba iṣẹ́ àtùpà lọ́wọ́ ọ́ìlì àbùùbùtán. Títí dòní ni ẹ ó máa gbọ́ ọ pé epo rọ̀bì ló gba àbùùbùtán là.

Irọ́ ni, tàbí ká sọ pé ìdajì òótọ́ ni. Ọ̀rúndún ogún ni wọ́n pa wọ́n jù, nígbà tí ọkọ̀ tó ń lépa wọn ti ní ẹ́ńjìnnì, tí ọ̀kọ̀ tí wọ́n ń yìn lù wọ́n sì ń bú gbàmù nínú wọn. Ní àárín àwọn ọdún 1960, àbùùbùtán olórí-àpótí nìkan tí wọ́n ń pa láàárín ọdún kan ṣoṣo lé ní 20,000. Ọ̀kan nínú ibi tí ọ́ìlì wọn ń lọ ni inú gíábọ́ọ̀sì àwọn ọkọ̀ ọ́tò. Ní àwọn ọdún tí Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, tí ọ̀gá kan bá jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ Amẹ́ríkà gbàgẹ̀rẹ̀ kan ní Marina, tí gíà ń yí wẹ́rẹ́ bíi pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé díẹ̀ lára ẹranko inú òkun ló ń bá a yí gíà náà.

Àwọn tó ń ṣe ọ́ìlì náà ní ètò tiwọn. Ní 1949, General Motors gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n pè ní Type A. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta ọ́ìlì gíà lè ṣe é, bí iléeṣẹ́ àyẹ̀wò Armour ní Chicago bá ti dán an wò tó yege. Ìdí nìyẹn tí agolo ọ́ìlì ìgbà náà fi máa ń ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú AQ lára. Ní 1957 wọ́n tún un ṣe, ní 1967 wọ́n gbé Dexron jáde. Ford náà gbé Type F tirẹ̀ jáde, tí àwo gíà fi máa ń dì mọ́ra kíákíá ju ti Dexron lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ohun pupa kan náà ni gbogbo wọn.

Ní ìparí 1970, ìjọba Amẹ́ríkà fi àbùùbùtán sínú àkọsílẹ̀ àwọn ẹranko tó fẹ́ run, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọjà rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń po ọ́ìlì gíà wá ń sáré kiri. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi rọ́pò rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nínú Dexron-II, kò bá irin kúlà rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Kúlà yẹn sì rèé, inú rédíétọ̀ ni wọ́n máa ń fi í sí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Bí ó bá ti lu, omi rédíétọ̀ á wọ inú ọ́ìlì gíà, ọ́ìlì á wọ inú omi, ohun tí ẹ ó wá rí á rí bí ẹ̀kọ mímu tí wọ́n da tìmátì sí. Wọ́n ní láti tún ọ́ìlì náà pò, èyí tó ní lẹ́tà D lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ ló wá rọ́pò ti àkọ́kọ́. Àwọn mìíràn kọjú sí èso jojoba, igi kékeré kan tó ń hù ní aṣálẹ̀ Arizona àti Mẹ́síkò, torí ìda ṣíṣàn tó jọ ti orí àbùùbùtán ló wà nínú èso rẹ̀. Ó dára, àmọ́ ó wọ́n jù láti máa dà sínú ọkọ̀ gbogbo èèyàn.

Àwọn kan lára àwa olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ṣì ń ṣọ̀fọ̀ ọ́ìlì yẹn, wọ́n á ní gíà kò tún yí dáadáa mọ́ láti ìgbà náà. Àwa kò bá wọn sunkún. Gíà ọkọ̀ kò tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ pa ẹranko tó tóbi tó ilé. Kódà, ní 1982 ni àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àbùùbùtán lágbàáyé fẹnu kò pé kí wọ́n dá pípa wọn fún òwò dúró, láti 1986.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ọ́ìlì àti ẹ̀rọ yìí jìnnà sí wa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kí ọ́ìlì inú ilẹ̀ tó gbòde, epo pupa wà lára ohun tí wọ́n fi ń po gíríìsì fún ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ní Bìrìtìkó. Òwò epo pupa sì wà lára ohun tó gbé àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé Èkó, títí wọ́n fi gbà á ní 1861. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sí abẹ́ ọkọ̀.

Ọ́ìlì nìkan kò lè jò. Ẹnì kan ní láti kùnà láti dì í mú, ẹni yẹn sì ni rọ́bà. Nínú ẹ̀rọ àtijọ́, awọ ẹran àti okùn ni wọ́n fi ń dí ibi tí irin tó ń yí bá ti yọ jáde. Ó máa ń jò díẹ̀díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bínú. Àmọ́ gíábọ́ọ̀sì ọ́tò kò lè gba irú ẹ̀, torí ọ́ìlì inú rẹ̀ gbóná, ó sì ń fi agbára ti nǹkan. Rọ́bà gidi, èyí tí àwọn baba ńlá wa ń wa oje rẹ̀ nínú igbó, tí wọ́n ń kó lọ tà l'Ékòó ní àwọn ọdún 1890, kò wúlò níbẹ̀ rárá. Tí ẹ bá rì í sínú ọ́ìlì, á wú, á rọ̀, á di jẹ̀lẹ́ńkẹ́.

Àwọn oníkẹ́míkà ló gbà wọ́n. Ní 1931 iléeṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà kéde neoprene. Láàárín àwọn ọdún 1930 náà, àwọn ará Jámánì ní IG Farben ṣe rọ́bà nitrile, èyí tí ọ́ìlì kì í tètè mú wú. Òun ló di baba síìlì inú ọkọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá àgbàlagbà kan wá, Niels Christensen, ọmọ Denmark tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí bíréèkì ọkọ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tó lọ béèrè fún ìwé àṣẹ lórí òrùka rọ́bà róbótó kan tí wọ́n máa ń tẹ̀ sínú ojú ihò tóóró. O-ring nìyẹn. Wọ́n fún un ní ìwé náà ní 1939, ọdún kan náà tí Hydra-Matic jáde. Àwọn méjì yìí kò mọra wọn, àmọ́ wọ́n ti jọ ń gbé ilé kan náà láti ìgbà náà. Ẹ ti gbọ́ nípa O-ring yìí kí ẹ tó gbọ́ nípa gíà: ní oṣù kìíní ọdún 1986, òtútù mú ọ̀kan le nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì Challenger, èèyàn méje ló sì bá a lọ.

Ti inú ọkọ̀, ooru ló ń mú un le, kì í ṣe òtútù. Síìlì tó yí ọ̀pá irin ká ní ètè pẹlẹbẹ kan tó fi ń kan irin náà, bí ẹni fi ètè mú sítírọ́ọ̀. Nígbà tó ṣì rọ̀, á máa tẹ̀ lé irin náà bó ṣe ń yí. Lẹ́yìn ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún nínú ọ́ìlì gbígbóná, nitrile á gan bí ike, ètè á sì là. Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ọ́ìlì àtijọ́ máa ń mú rọ́bà wú díẹ̀, àwọn tó ṣe síìlì sì ti ro wíwú yẹn mọ́ iṣẹ́ wọn. Ọ́ìlì òde òní tí wọ́n sẹ́ dáadáa kì í mú un wú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá rò ó: ẹnì kan ra ọkọ̀ 1978, ó fẹ́ tọ́jú ẹ, ó lọ ra ọ́ìlì tó wọ́n jù lọ́jà, ó dà á sí i, síìlì tí kò jò tẹ́lẹ̀ wá súnkì, ó ń jò. Ọ́ìlì náà dára. Ọjọ́ orí wọn ni kò bára mu.

Ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ yìí gbà dé ọ̀dọ̀ wa tún wá dá kún un. Nígbà tí Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná, tí Volkswagen ń to ìjàpá, ìyẹn Beetle, l'Ékòó, 1975 ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀, gíà ọlọ́wọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ìgbà náà fi kọ́ṣẹ́. Ọ́tò wọlé wẹ́rẹ́ pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ẹ kúkú mọ orúkọ yẹn: ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tó wá padà wálé là ń sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀, a wá fi sọ ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gba èbúté Kùtọnu wọlé, wọ́n gba Sẹ̀mẹ̀ dé Èkó. Kí wọ́n tó dé, wọ́n á ti dúró ní ọgbà àwọn tó ń tà á ní Yúróòpù, wọ́n á dúró lórí omi, wọ́n á tún dúró nínú oòrùn ní èbúté. Dídúró yẹn gan-an lọ̀tá gíábọ́ọ̀sì ọ́tò.

Ẹ jẹ́ ká fi Mercedes W123 ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí wọ́n ṣe láti 1976 dé nǹkan bíi 1986, tí ẹ ṣì ń rí díẹ̀ nínú wọn lójú títì, tí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ sì ń wá kiri. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ọ́ìlì inú rẹ̀ ló wà lókè nínú torque converter. Bí ọkọ̀ bá dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, ọ́ìlì yẹn á máa ṣàn padà sísàlẹ̀ sínú abọ́. Abọ́ á kún ju bó ṣe yẹ lọ, ọ́ìlì á sì gòkè dé ibi tí ọ̀pá tí a fi ń yan gíà ti wọ inú gíábọ́ọ̀sì. O-ring kékeré kan ló wà níbẹ̀, tí kì í rí ọ́ìlì tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ bá ń rìn. Ibẹ̀ lá ti máa jò, á wá ṣàn gba ara gíábọ́ọ̀sì lọ sí etí abọ́ kó tó kán sílẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wò ó á ní gásíkẹ́ẹ̀tì abọ́ ló bàjẹ́. Á pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà tó ní Chrysler àtijọ́ pẹ̀lú gíà TorqueFlite, ọ̀rọ̀ yìí ti di ohun tí gbogbo wọn mọ̀: ọkọ̀ tó ń jò tó bá dúró, tí kì í jò tí ẹ bá ń wà á lójoojúmọ́.

Ìdí rèé tí àwọn àgbà mẹkáníìkì kì í fọwọ́ kan sípánà kí wọ́n tó fọ gíábọ́ọ̀sì. Ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú kẹrosíìnì tàbí ohun tó ń pa gíríìsì, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fọ́n àtíkè sí i lára, ẹ wà á díẹ̀, ẹ wá tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ mọ́jú. Ibi tó ga jù tí àtíkè ti rin ni orísun. Atẹ́gùn máa ń gbé ọ́ìlì lọ sẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ń sáré, òòfà ilẹ̀ sì ń fà á wálẹ̀, nítorí náà, ibi tó ti ń kán kì í sábà jẹ́ ibi tó ti ń jò.

Olè mìíràn tó máa ń fara pamọ́ ni ihò èémí. Gbogbo gíábọ́ọ̀sì ọ́tò ló ní ihò kékeré kan lókè tó fi ń mí, torí ọ́ìlì gbígbóná máa ń fẹ̀, atẹ́gùn inú rẹ̀ náà á sì fẹ́ jáde. Tí erùpẹ̀ ojú ọ̀nà bá dí i, atẹ́gùn á máa wá ọ̀nà mìíràn, síìlì ló sì máa tì. Kò sí síìlì ojúlówó tó lè dúró níwájú ìyẹn. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti ìṣẹ́jú márùn-ún lè ṣe ohun tí síìlì mẹ́ta kò lè ṣe. A fẹ́ràn ihò yìí gan-an torí kò sí ẹni tó lè tà á fún yín.

Abọ́ ìsàlẹ̀ ńkọ́? Páànù lásán ni wọ́n fi ń ṣe é nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́. Ẹni tó bá rí i pé ó ń jò á fún bóòtù rẹ̀ pinpin, etí abọ́ á tẹ̀ wọnú níbi bóòtù, á sì là láàárín bóòtù méjì. Bó bá ṣe ń fún un tó ni yóò ṣe máa jò tó. Ẹ tú u, ẹ gbé etí rẹ̀ lé igi tó tẹ́jú, ẹ fi òòlù kékeré lu ibi tó ti tẹ̀ padà sípò, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù kún un bí ẹni ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì. Èyí tó bá yọ sínú á já, á lọ dí asẹ́, gíábọ́ọ̀sì tó kàn ń jò tẹ́lẹ̀ á wá kú pátápátá.

Bí ó bá wá jẹ́ síìlì iwájú tàbí ti ẹ̀yìn ló ń jò lóòótọ́, ẹ fi èékánná tọ́ irin tó ń yí nínú rẹ̀ wò. Ètè síìlì tó ti ń ha á fún ogójì ọdún lè ti gbẹ́ ojú ọ̀nà sí i lára. Síìlì tuntun á kàn máa jókòó lé kòtò ni. Wọ́n máa ń ta òrùka irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń tẹ̀ bo irú kòtò bẹ́ẹ̀, ẹ sì lè rọra tẹ síìlì jìnnà díẹ̀ sí ibi tí ti àtijọ́ wà, tí àyè bá wà, kó lè bá irin tí kò tíì jẹ pàdé.

Ìgbà mìíràn wà tí ọ́ìlì ń dínkù tí ilẹ̀ sì gbẹ táútáú. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́. W123 ní ohun kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíábọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní modulator, tó fi ọ̀pá rọ́bà bá ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀ kí gíà lè mọ ìgbà tó yẹ kó yí. Awẹ́ rọ́bà kan ló wà nínú rẹ̀. Tí awẹ́ yẹn bá ya, ẹ́ńjìnnì á máa fa ọ́ìlì gíà mu, á sì máa jó o mọ́ epo, èéfín funfun á máa tú jáde lẹ́yìn. Ẹ fa ọ̀pá náà yọ. Tí ẹ bá rí pupa nínú rẹ̀, ẹjọ́ ti parí.

Ó kù bí a ṣe ń wọn ọ́ìlì náà. Ti Mercedes, ẹ́ńjìnnì ní láti máa ṣiṣẹ́, kí gíà wà ní P, kí ọ́ìlì ti gbóná dé nǹkan bíi 80 dígírì. Ti TorqueFlite, N ni gíà gbọ́dọ̀ wà, torí tó bá wà ní P, ọ́ìlì kì í lọ sínú torque converter rẹ̀. Ẹni tó bá wọn ti Mercedes ní òwúrọ̀ tútù, á rò pé kò tó, á bù kún un, ọ́ìlì á pọ̀ jù, á máa hó bí ọṣẹ, á sì gba ihò èémí jáde. Ẹ tún ti rí jíjò tuntun nìyẹn, tí kò sí ohun kankan tó bàjẹ́.

Àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ da ọ́ìlì bíréèkì díẹ̀ sí i. Òótọ́ ni pé jíjò á dúró fún ìgbà díẹ̀, torí ọ́ìlì bíréèkì á mú nitrile wú. Kò ní dúró wíwú. Á máa rọ̀ lọ títí á fi di ẹbẹ, kì í sì í ṣe síìlì tó ń jò nìkan ló máa kàn, gbogbo rọ́bà inú gíábọ́ọ̀sì ni, títí kan àwọn tó wà lẹ́yìn àwo tó ń yí gíà, tí ẹ kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn láì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Tí ẹ bá ń ra síìlì, ẹ béèrè irú rọ́bà tí wọ́n fi ṣe é. Viton, tí DuPont gbé jáde ní 1957, ń fara da ooru ju nitrile lọ, ó sì wọ́n jù ú lọ. Fún síìlì iwájú, tó jẹ́ pé ẹ ní láti sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀, àwa ò ní bá ẹnikẹ́ni ṣẹ́ owó kù níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ mẹkáníìkì báyìí, scanner ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ ọ̀gá wọn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lò ju ọ̀gá lọ. Kò sí ibi tí wọ́n máa kì í bọ̀ nínú gíábọ́ọ̀sì W123. Òṣùwọ̀n ọ́ìlì, àtíkè, páálí àti ojú ni ti òun.